Ohùn Ọláoyè Nínú Ẹ̀rọ Ilé Ẹja

Lẹ́yìn tí wọ́n sin Ọláoyè, ohùn rẹ̀ ṣì ń pe ìyàwó rẹ̀ lórí fóònù, kò sì sí ẹni tó ka èyí sí nǹkan ẹ̀rù. Ẹ̀rọ ni.

Ọláoyè fúnra rẹ̀ ló ṣe é. Ta ni kò mọ bí iná ìjọba ṣe ń ṣe l'Ádó? Á lọ láàárọ̀, ẹja oníyìnyín á yọ́, òórùn á gba àdúgbò. Ló bá gbé ohun kan tó ń mọ ooru sínú ilé ẹja, yàrá yìnyín tí Olúfúnṣọ́ ìyàwó rẹ̀ ní ní àdúgbò Adébáyọ̀, ó fi wáyà so ó mọ́ tẹlifóònù ṣọ́ọ̀bù, ó sì gba ohùn ara rẹ̀ sínú kásẹ́ẹ̀tì. Bí yàrá bá ti ń gbóná, ẹ̀rọ á pe ilé wọn ní Fájuyì: "Ulé ẹja ti gbóná o. Ẹ tètè wá." Kò mọ ọ̀rọ̀ mìíràn.

Àwọn ẹlẹ́ja yòókù fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí, àmọ́ tiwọn ló ń jẹrà. Nígbà tí Ọláoyè kú, Olúfúnṣọ́ ò jẹ́ kí wọ́n pa ohùn náà rẹ́. Ká má parọ́, ọjọ́ mìíràn wà tó ń bẹ Ọlọ́run pé kí wọ́n mú iná lọ.

Ní Ọ̀sẹ̀ Mímọ́ ọdún 1998, nígbà tí gbogbo ìjọ Kátólíìkì ń wá ẹja, ó fi Morẹ́nikẹ́, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, sí ṣọ́ọ̀bù, ó sì sáré wálé lọ́sàn-án láti jẹun. Fóònù dún.

"Fúnṣọ́."

Ohùn Ọláoyè ni, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kò mọ orúkọ ẹnikẹ́ni. Ó sì dákẹ́ bí ẹni tó ń retí èsì. Láti kékeré ní Ìjan ni ìyá Olúfúnṣọ́ ti kìlọ̀ fún un pé bó bá gbọ́ orúkọ rẹ̀ tí kò rí ẹni tó pè é, kó má jẹ́. Ẹni tó bá jẹ́ ìpè òkú ti gbà láti bá a lọ nìyẹn.

Ó gbé fóònù kalẹ̀. Ó tún dún.

"Fúnṣọ́."

Fóònù náà tutù mọ́ ọn létí bí ẹja tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé jáde. Ó tún gbé e kalẹ̀. Ẹ̀rù bà á gan-an, kò sì fẹ́ kú. Ìgbà tó tún dún ló rántí pé nítorí ilé ẹja nìkan ni ẹ̀rọ yẹn ṣe ń pè, ẹnì kan ṣoṣo ló sì wà níbẹ̀.

"Hùn," ó ní jẹ́jẹ́. "Mo gbọ́, Bàbá Rẹ́nikẹ́."

"Ulé ẹja tutù. Ọmọ wà ní inú rẹ̀."

Kò mọ bó ṣe gun ọ̀kadà. Ilẹ̀kùn ti tì mọ́ ọmọ. Ìkọ́ tí wọ́n fi ń ṣí i láti inú ti bàjẹ́ láti ìgbà tí Ọláoyè ti kú, kò sì sí ẹni tó tún un ṣe. Òun àti Mọ́nsúrù, tó ń tún fíríìjì ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ló jọ fà á ṣí. Morẹ́nikẹ́ jókòó sáàárín páálí ẹja, ètè rẹ̀ ti funfun, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ là.

Nígbà tí ara ọmọ rọ̀ díẹ̀, Mọ́nsúrù bèèrè pé, "Màmá, ta ló sọ fún yín?"

"Ẹ̀rọ ni."

Mọ́nsúrù jáde lọ wo ara ògiri. Ó pẹ́ kó tó padà, wáyà tó ti já wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹrẹ̀ ti gbẹ mọ́ ẹnu wáyà náà.

"Àwọn tó gbẹ́ gọ́tà ló gé e, ó sì ti pẹ́. Màmá, ẹ̀rọ yìí ò lè pe ẹnikẹ́ni."

Morẹ́nikẹ́ gbé kọ́ọ̀bù tíì kúrò lẹ́nu.

"Bàbá mi ni. Wọ́n ń bá mi sọ̀rọ̀ ṣáá kí n má bàa sùn. Wọ́n ní àwọn ń pè yín, ẹ ò jẹ́. Nígbà tó yá, wọ́n ní ẹ ti jẹ́." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Inú wọn dùn, Màmá. Wọ́n ní àwọn ti ń palẹ̀ mọ́ dè yín."

Olúfúnṣọ́ rántí ìkìlọ̀ ìyá rẹ̀, síbẹ̀ ó mọ̀ pé bí fóònù bá tún dún báyìí, òun á tún jẹ́. Ó tú kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù kúrò létí ìró rẹ̀, ó fi í sọ́wọ́ ọmọ.

"Mú u dání, ó ti di tìrẹ," ó ní. "Wá jẹ́ kí n fi bí wọ́n ṣe ń mọ ẹja tó ti yọ́ rí hàn ọ́."