Orúkọ Tí Mo Pè Lórí Wúrà

Nọ́ọ̀sì gbé ọmọ mi sórí òṣùwọ̀n, ó wo nọ́ńbà, ó gbé e kúrò, ó fi ìka kan òṣùwọ̀n náà pẹ́pẹ́ bí ẹni tó ń jí ẹni tó sùn, ó sì tún gbé e padà sórí rẹ̀.

"Ìyá Àgbà," ó ní, "kí lẹ ń fún ọmọ yìí jẹ?"

Àwọn ìyá tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n máa ń rẹ́rìn-ín tí wọ́n bá gbọ́ orúkọ yẹn, torí ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni mí. Àgbà ni ìnagijẹ ọmọ mi. Láti ọjọ́ tí mo ti bí i ló ti máa ń wo èèyàn bí ẹni tí wọ́n pè wá parí ìjà.

"Ọmú ni, mà. Àti ẹyin, àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí mo tẹ̀."

"Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún, itan rẹ̀ kún. Ṣùgbọ́n ó fi ìdajì kílò fúyẹ́ ju ti oṣù tó kọjá lọ."

Ó gbé ọmọ ẹlòmíì sórí òṣùwọ̀n náà. Òṣùwọ̀n náà kò ṣìṣe. Ó wá fi báírò tẹ àmì kékeré kan sórí káàdì wa, ìlà tó ti ń gòkè láti ọjọ́ ìbí rẹ̀ sì tẹ̀ sísàlẹ̀. Ọdún kan àbọ̀ ni mo fi lọ sí kíláàsì mọ̀ọ́kọmọ̀ọ́kà àwọn àgbà, mo lè ka irú ìlà bẹ́ẹ̀ dáadáa. Ohun tí mi ò lè ṣe ni kí n rí i tó ń lọ sílẹ̀ kí àyà mi má bá a lọ.

Mo pọn ọmọ mi, mo ń lọ sílé. Ní ìdajì ọ̀nà, mo yára fi ọwọ́ kan ẹ̀yìn mi, torí ó ṣe mí bíi pé ọ̀já ti tú. Ọ̀já kò tú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ gbóná lọ́wọ́ mi. Mo kàn ti gbàgbé pé mo gbé nǹkan kan ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú iṣẹ́ tí mò ń ṣe, kí ẹ lè mọ̀ pé n kì í ṣe ẹni tó máa ń gbàgbé ẹrù. Ilé búrẹ́dì ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Èmi ni mo máa ń gé ìyẹ̀fun tí wọ́n ti pò, tí mo máa ń wọ̀n ọ́n, tí mo sì máa ń yí i róbótó. Ọwọ́ mi ti mọ ìwọ̀n débi pé kí òṣùwọ̀n tó sọ̀rọ̀, mo ti mọ ohun tó fẹ́ sọ.

Ọdún yẹn ni owó ń yọ́ bí iyọ̀ tó já sómi. Ọ̀gá wa á kọ iye búrẹ́dì sára pátákó láàárọ̀, á nù ún lọ́sàn-án, á tún un kọ kí ilẹ̀ tó ṣú. Lọ́jọ́ kan ó wá bá mi nídìí tábìlì, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Tún gé díẹ̀ kúrò lára ìwọ̀n rẹ̀."

"Ọ̀gá, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gé e kúrò lọ́sẹ̀ tó kọjá."

"Mo mọ̀. Fi yíìsì kún un. Á wú."

Bẹ́ẹ̀ ni búrẹ́dì wa ṣe ń wú, tó ń dán, tó sì ń fúyẹ́. Oníbàárà á gbé e lọ́wọ́, á wò mí. Èmi náà á máa wo ilẹ̀.

Mo ní owó díẹ̀ nínú ìrọ̀rí, tí mo ti ń tọ́jú láti ìgbà tí mo ti lóyún, fún ilé-ìwé Àgbà. Nígbà tí mo tú u wò, kò tó ra ìrọ̀rí tí mo kó o sí mọ́. Mo sunkún nídìí iṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Ọ̀gá ní, "Sunkún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan o, iyọ̀ ti wà nínú búrẹ́dì." Lẹ́yìn náà ló sọ fún mi pé ẹni tó bá gbọ́n, kó fi owó ra wúrà. Wúrà kì í jẹrà, kì í dípẹtà, ìjọba kan kì í sì í jí lọ́jọ́ kan kó ní òun ti pààrọ̀ rẹ̀. Ó júwe Bàbá Kẹ́lẹ́ tó ń ta wúrà fún mi, ẹ̀yìn ọsibítù gan-an. Mo fi owó oṣù mi kún ti inú ìrọ̀rí, mo sì lọ.

Ṣọ́ọ̀bù náà tóóró bí ọ̀nà àárín ilé méjì. Bàbá arúgbó kan jókòó sẹ́yìn tábìlì, ó ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ débi pé mo ní láti tẹ̀ síwájú kí n tó gbọ́ ọ. Kò dìde kí mi. Mo rí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì lábẹ́ tábìlì, ẹ̀gbà fàdákà ni wọ́n tò sí ọrùn ẹsẹ̀ náà lérí ara wọn. Mo rò pé fáàrí arúgbó ni.

Ó fi wúrà mi, hóró kékeré kan, sínú àwo òṣùwọ̀n kan, ó sì ń ju èso ojú ológbò sínú ìkejì lọ́kọ̀ọ̀kan, èso pupa yẹn tí ojú rẹ̀ dúdú. Èso méjìlá ló bá a dọ́gba.

"Ní orúkọ ta?" ó bi mí.

Mo rò pé torí rìsíìtì ló ṣe ń béèrè. Ìyá wo ló ń tọ́jú nǹkan tí kì í ṣe orúkọ ọmọ rẹ̀ ló fi ń tọ́jú ẹ̀? Mo pe orúkọ tí bàbá ọmọ mi sọ ọ́, kì í ṣe ìnagijẹ. Bàbá náà tún un pè sórí àwo. Àwo tí wúrà wà nínú rẹ̀ sì mì díẹ̀, bíi pé ẹnì kan mí sí i.

Ó kó èso méjìlá náà fún mi. "Máa fi wọ̀n ọ́n fúnra rẹ, kí ẹnikẹ́ni má baà rẹ́ ọ jẹ." Ó tún mú ẹ̀gbà fàdákà tẹ́ẹ́rẹ́ kan. "Èyí, èènì ni. Ẹsẹ̀ ọmọ ni kí o fi sí. Kì í ṣe ohun inú agolo."

Mo kúnlẹ̀ dúpẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé, ẹ̀rù tún bà mí. Bí ó bá bọ́, tí ọmọ gbé e mì ńkọ́? Bí olè bá rí i lẹ́sẹ̀ rẹ̀ ńkọ́? Yàtọ̀ síyẹn, ọrọ̀ ni fàdákà náà. Mo bá kó o pọ̀ mọ́ wúrà nínú agolo mílíìkì, mo gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù.

Oṣù kan lẹ́yìn náà ni nọ́ọ̀sì wọn ọmọ mi lẹ́ẹ̀mejì.

Lọ́jọ́ tí mo ti ọsibítù dé, mo gbé agolo sọ̀kalẹ̀, kí n lè rí ohun kan tí kò dínkù. Olùkọ́ wa ní kíláàsì ti kọ́ wa bí a ṣe ń fi igi tẹ́ẹ́rẹ́, okùn, àti ìdérí ìgò méjì ṣe òṣùwọ̀n. Mo ṣe é. Mo fi wúrà sí apá kan, èso méjìlá sí apá kejì. Wúrà lọ sílẹ̀. Mo ju hóró ìrẹsì kan kún èso, mo ju méjì. Ìgbà tó di mẹ́fà ni wọ́n tó dọ́gba.

Mo ní bóyá èso ló ti gbẹ.

Lọ́sẹ̀ kejì, hóró ìrẹsì ogún ni. Mo gbé Àgbà dání, mo gbé ìyẹ̀fun tí mo gé nílé iṣẹ́ dání ní ọkàn mi, ọwọ́ mi sì sọ òtítọ́ fún mi. Ọmọ ń pàdánù ní òkìtì, wúrà ń jèrè ní hóró.

Ibi tó dùn mí jù láti kọ nìyí. Mo mọ̀, mo sì dúró. Lọ́jọ́ yẹn náà ni wọ́n san ìdajì owó iṣẹ́ fún bàbá ọmọ mi ní ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà tó ti ń jó irin. Ó dé, ó wo òṣùwọ̀n tí mo so mọ́ ìṣó, mo sì ṣàlàyé ti wúrà fún un, mi ò sọ ti ọmọ. Ó di ẹnu mú, kí aládùúgbò má baà gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀.

"Ìyá Àgbà, ṣé o rí i? Gbogbo nǹkan ń rù, tiwa ń sanra."

Mo sọ lọ́kàn mi: ọ̀sẹ̀ kan péré. Kó ṣáà di ìlọ́po méjì.

Ọ̀sẹ̀ yẹn dà bí ohun tí èèyàn lá lójú oorun ọ̀sán. Àgbà kò ké, kò ṣàìsàn. Tó bá sùn, bẹ́ẹ̀dì kì í tẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Mo gbé e sínú bàsíà láti wẹ̀ ẹ́, omi kò gòkè. Ó jókòó sójú omi bí ewé, ó ń fi ọwọ́ gbá a, ó ń rẹ́rìn-ín. Bí atẹ́gùn bá gba ojú fèrèsé wọlé, aṣọ fèrèsé á fì, ọmọ mi náà á sún díẹ̀ lórí ẹní, á wo yíká bí ẹni pé ta ló pe òun.

Lọ́jọ́ kẹfà, lọ́sàn-án gangan, mo tú ọ̀já, mo fẹ́ gbé e sílẹ̀ kí n lè tún un dì. Ó bọ́ lọ́wọ́ mi. Ó pẹ́ kí ó tó délẹ̀.

Mi ò wọ bàtà. Mo fi ọ̀já dì í mọ́ra, mo gbá agolo mú, mo sáré lọ sẹ́yìn ọsibítù.

Bàbá Kẹ́lẹ́ wo ọmọ, ó wo agolo. "Fàdákà ńkọ́?"

"Ó wà nínú ẹ̀, bàbá."

Ó di ojú. "Pẹ̀lú wúrà."

"Ẹ̀rù ló bà mí."

"Orúkọ tí wúrà bá gbọ́, ìwọ̀n ẹni tó ń jẹ́ ẹ ló ń fà mọ́ra. Fàdákà ló ń di onítọ̀hún mú sílẹ̀."

"Kí ló dé tí ẹ ò ṣàlàyé fún mi?"

"Mo ṣàlàyé. Gbogbo èèyàn ni mo ń ṣàlàyé fún. Ohùn mi ni kò ní agbára mọ́."

"Màá sọ wúrà náà sódò!"

"Orúkọ ọmọ rẹ á bá a dé ìsàlẹ̀ odò."

"Màá tà á, bàbá."

"Ẹni tó máa rà á, orúkọ ọmọ tirẹ̀ náà ló máa pè."

Ó bẹ̀rẹ̀, ó ń bọ́ ẹ̀gbà fàdákà kúrò lẹ́sẹ̀ òsì rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń tò wọ́n sórí tábìlì. Nígbà tó bọ́ èyí tó kẹ́yìn, ẹsẹ̀ náà gbéra fúnra rẹ̀, jẹ́jẹ́, bí ìgbà tí èéfín ń lọ sókè, títí orúnkún rẹ̀ fi kan abẹ́ tábìlì. Ó nawọ́ sí igun ṣọ́ọ̀bù. Ohun kan wà níbẹ̀ tí wọ́n fi aṣọ bò, ó ga tó ọmọ ọdún mẹ́ta, ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ sì ti jìn.

"Ìgbà kan tí owó bàjẹ́ báyìí, mo ra wúrà tèmi tó wà níbẹ̀ yẹn. Orúkọ ara mi ni mo pè. Mo rò pé mo gbọ́n." Ó fi ọwọ́ ti ẹsẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀, ó ń dá ẹ̀gbà padà. "Wúrà kì í wà láìní orúkọ, ọmọ mi. Orúkọ míì nìkan ló lè lé ti tẹ́lẹ̀ kúrò."

Mo fi wúrà sínú àwo rẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sórí òṣùwọ̀n. Mo pe orúkọ mi pé pérépéré, bí mo ṣe kọ ọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ní kíláàsì àwọn àgbà, tí ṣọ́ọ̀kì kán lọ́wọ́ mi. Àwo náà mì.

Ọ̀já gé mi láyà. Ọmọ mi wúwo lójijì débi pé mo fara gbá ògiri. Ó ké, igbe tó nípọn. Mo jókòó sílẹ̀, mò ń sunkún, mò ń dúpẹ́.

Bàbá náà fi òòlù na ẹ̀gbà fàdákà ọmọ títí ó fi gùn, ó dè é mọ́ ẹsẹ̀ òsì mi. "Ọ̀kan ni mo ní fún ọ. Ìkejì, o máa rà á ni."

"Èló ni?"

Ó sọ iye rẹ̀. Fàdákà náà ti gbówó lórí.

Ìlà káàdì Àgbà ti ń gòkè padà. Nọ́ọ̀sì ní òṣùwọ̀n wọn ló ṣeé ṣe kó ti ṣìṣe. Bàbá ọmọ mi ń wọn wúrà ní gbogbo Ọjọ́ Ìsinmi, ó ń fọwọ́ bo ẹ̀rín rẹ̀. Mo ń tọ́jú owó fún fàdákà kejì, àmọ́ bí mo bá ti fẹ́ bá iye rẹ̀, á tún sáré síwájú.

Ní àárọ̀ yìí, àpò ìyẹ̀fun kan bẹ́ nílé iṣẹ́, ó bo gbogbo ilẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí tábìlì mi. Mo gba àárín rẹ̀ kọjá, mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ọ̀gá dé, ó dúró, ó fi ọwọ́ lé ìbàdí.

"Ìyá Àgbà! Ta ló ń fò lẹ́sẹ̀ kan níbí?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín, mo sì yíjú padà wo ọ̀nà tí mo gbà wọlé. Mi ò fò. Mo rìn ni, bí mo ṣe ń rìn lójoojúmọ́. Àmì ẹsẹ̀ mi wà nínú ìyẹ̀fun funfun náà láti ẹnu ọ̀nà, ó mọ́ kedere: ẹsẹ̀ òsì, ẹsẹ̀ òsì, ẹsẹ̀ òsì.