Ayálégbé Tó Ní Ajá

Kí Japhet tó ráyè kí mi, ajá rẹ̀ ti bù mí jẹ lójúgun.

Bàbá wa ló fi ilé sílẹ̀ fún wa ládùúgbò Trikania, èmi Morọ́láyọ̀ ni mo ń gba ayálégbé sí i. Mo ti kìlọ̀ fún dìláálì tó ń bá mi wá wọn pé mi ò fẹ́ ajá. Ajá a máa ha ilẹ̀kùn, a máa yàgbẹ́ sójú àgbàlá. Dìláálì gbọ́, ó sì mú Japhet wá bẹ́ẹ̀.

Inú bí mi gidi. Mo fa igi yọ lára ọgbà, mo là á mọ́ Japhet léjìká títí igi fi dá.

"Ẹ lù mí tẹ́rùn ná, mà," ló wí, "ká lè tètè lọ gba abẹ́rẹ́."

Gbogbo ìgbà tí mo lọ gba abẹ́rẹ́ yẹn ló ń sìn mí lọ. Kí abẹ́rẹ́ tó tán, ìfẹ́ rẹ̀ ti wọ̀ mí lára. Ó ń pè mí ní "Láyọ̀ tèmi", ara mi a sì yá gágá. Mo gbà kí Tanímọ̀la, ajá rẹ̀, dúró, bó bá ti lè máa so ó mọ́lẹ̀.

Nígbà tí Japhet fi ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó lọ Màmá, ẹ̀gbọ́n mi Adégbọlá fárígá.

"Haba, Màmá. A fún un ní yàrá, ó fẹ́ gba ilé. Ilé bàbá wa ló ń fẹ́, kì í ṣe Láyọ̀."

Màmá ní òun á rò ó. Ọkàn mi ò balẹ̀, torí mi ò lè lọ sílé ọkọ láìjẹ́ pé ìyá mi súre fún mi.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Adégbọlá mú Màmá wá wo ilẹ̀kùn tí ajá ti ha bàjẹ́. Tanímọ̀la gbó mọ́ ọn. Ohun tí Adégbọlá ń wá nìyẹn. Ó ki ọ̀pá irin mọ́lẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ajá tí a so mọ́lẹ̀ lórí. Ajá ké títí, kò ríbi sá sí.

Japhet sáré jáde, ó da ara bò ó. Ẹ̀gbọ́n mi ò dáwọ́ dúró. Mo gbọ́ bí eegun apá Japhet ṣe kán. Mo fò mọ́ Adégbọlá, mo gé e jẹ léjìká, ó gbá mi lẹ́nu, ẹ̀jẹ̀ bò mí láyà.

Ẹ̀jẹ̀ yẹn ni Japhet rí tí ojú rẹ̀ fi yí padà. Ó fi ọwọ́ kan tó kù já irin gbà, ó ti ẹ̀gbọ́n mi ṣubú, ó gbé irin sókè orí rẹ̀. Ẹ̀rù bà mí dé mùdùnmúdùn. Bó bá là á mọ́ ọn, òkú la máa gbé, a ò ní gbéyàwó mọ́.

"Japhet," mo pè é.

Ó wo ajá rẹ̀ tí kò mí mọ́, ó wá wo Màmá.

"Ẹ má bínú, mà. Ọmọ yín ni."

Ó ju irin dànù, ó jókòó ti òkú ajá, ó ń sunkún.

Màmá tú gèlè orí rẹ̀, ó nà án sí mi.

"Adégbọlá, dìde, máa lọ. Láyọ̀, fi èyí di apá ọkọ rẹ."