Ìmọ́lẹ̀ Mẹ́ta Lára Ògiri

Dígí kékeré tó máa wọ àpò ṣẹ́ẹ̀tì ni awọnlẹ̀ kan tó ń wọn ilẹ̀ lórí òkè wá rà lọ́jọ́ tí òun àti ọmọbìnrin tó ń gé dígí kọ́kọ́ pàdé.

"Ṣé ẹ fẹ́ máa wo ojú yín nínú igbó ni?"

"Rárá o. Bí mo bá há sórí òkè, màá fi gba oòrùn, màá ju ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sí yín. Ẹ̀ẹ̀mẹta túmọ̀ sí pé kí ẹ wá gbà mí."

"Ẹ̀ẹ̀kan ńkọ́?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀ẹ̀kan, mo kí yín ni."

Látọjọ́ náà, lọ́sàn-án gangan, ìmọ́lẹ̀ kan á ti orí òkè wá, á gba ojú fèrèsé wọlé, á bà sára ògiri bí ẹyẹ, á gbọ̀n díẹ̀, á lọ. Ọmọbìnrin náà á dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Ó fẹ́ràn awọnlẹ̀ náà. Kò gba àlàyé.

Ìyá rẹ̀ ni kò fẹ́. "Ọkùnrin tó ń gbé inú igbó bí ọ̀kẹ́rẹ́! Ta ni á máa bá ọ jẹun?" Ó sọ ọ́ títí ọmọ fi ní kí awọnlẹ̀ má kí òun mọ́. Awọnlẹ̀ gbà. Ọmọbìnrin yí tábìlì rẹ̀, ó kẹ̀yìn sí fèrèsé.

Oṣù kan kọjá bí àlá. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìyá pòṣé.

"Aláìnítìjú ẹ ti tún dé o. Lánàá ẹ̀ẹ̀mẹta, lónìí ẹ̀ẹ̀mẹta. Ṣé ó fẹ́ fọ́ mi lójú ni?"

Irin tí ọmọ fi ń gé dígí bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Láti àná! Màmá, ẹ ò sì sọ!"

"Ṣé mo mọ̀ ni? Mo rò pé ìfẹ́ ló ń pa á."

Àwọn méjèèjì gbé dígí tó tóbi jù lọ síta. Ọmọ di ẹ̀gbẹ́ kan mú, ìyá di ẹ̀gbẹ́ kejì mú. Wọ́n ju ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sí orí òkè lẹ́ẹ̀kan, kó lè mọ̀ pé wọ́n ti rí òun. Lẹ́yìn náà ni ọmọ sáré lọ ké sí àwọn panápaná.

Kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n gbé e sọ̀ kalẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kán, ètè rẹ̀ ti bó.

Ọmọbìnrin náà di ọwọ́ rẹ̀ mú lórí ibùsùn ọsibítù. "Mo ní kẹ́ ẹ má kí mi mọ́."

"Mi ò kí ọ, olólùfẹ́ mi. Mo ké ni."

"Mo ti kẹ̀yìn sí fèrèsé. Bí ẹnikẹ́ni ò bá wò ńkọ́?"

"Mo mọ̀ pé Màmá ò ní ṣàì máa ṣọ́ mi."

Ìyá fẹ́ bínú, ẹ̀rín ló jáde. "Ìwọ ọ̀kẹ́rẹ́ yìí, bí ẹsẹ̀ ẹ bá san, ẹnu ọ̀nà ni kó o gbà wá. Kó o sì mú àwọn òbí ẹ dání."

Lọ́jọ́ kejì, ìyá fúnra rẹ̀ ló yí tábìlì ọmọ rẹ̀ padà sí ojú fèrèsé.