Kọ́là Ọmọ Aláago

Ọjọ́ tí màmá mi gbé sísọ́ọ̀sì ńlá wọn lé Ọmọ Aláago lọ́wọ́, ìwé ni mo ń kà ní igun ṣọ́ọ̀bù. Láti ìgbà náà títí ilẹ̀ fi ṣú, n kò rántí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nínú ohun tí mo kà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú sísọ́ọ̀sì tó jẹ́ fún yín. Dúdú ni, ó wúwo, ọ̀gá tó kọ́ màmá mi níṣẹ́ ló fún wọn lọ́jọ́ tí wọ́n gba òmìnira. Wọn kì í fi gé bébà, wọn kì í sì í yá ẹnikẹ́ni. Èmi tí wọ́n bí sínú iṣẹ́ náà, èmi tí àwọn oníbàárà ti ń pè ní Aránṣọ Kékeré láti ìgbà tí n kò tíì ga tó máṣíìnì, ọdún kẹta tí mo ti ń kọ́ṣẹ́ ni wọ́n tó jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án. Ọmọ Aláago kò tíì lo oṣù méjì lọ́dọ̀ wa.

“Rọra, má bẹ̀rù rẹ̀,” ni màmá mi ń wí fún un. “Jẹ́ kí ẹnu rẹ̀ máa tọ ìlà ṣọ́ọ̀kì lọ. Áà! Ẹ wá wo ọwọ́ o! Ẹ wo bí ọmọ ṣe ń gé aṣọ!”

Mo wo ọwọ́ náà. Ọwọ́ lásán ni, ìka márùn-ún ló wà níbẹ̀.

Ẹgbẹ́ mi ni, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún. Kíláàsì kan náà la jọ wà kí àrùn rọpárọsẹ̀ tó kọ lu bàbá rẹ̀, Bàbá Aláago, tó máa ń jókòó sídìí tábìlì kékeré kan tí wọ́n ti ń tún aago ọwọ́ ṣe. Apá ọ̀tún wọn kò ṣiṣẹ́ mọ́, iṣẹ́ aago sì parí nìyẹn, nítorí ta ni yóò fi ọwọ́ òsì nìkan mú irin wẹ́wẹ́ inú aago tí kò tóbi tó orí abẹ́rẹ́? Ìyá ọmọ náà ti kú tipẹ́. Ó fi ilé-ìwé sílẹ̀ kó lè máa wẹ bàbá rẹ̀, kó sì máa bọ́ wọn. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó wá dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù wa, ó ní òun fẹ́ kọ́ṣẹ́ ìránṣọ, ṣùgbọ́n òun kò ní ohun tí òun lè fi san án.

“Ta ló bi ọ́ ní ìyẹn?” ni màmá mi wí. “Wọlé, kí o jókòó.”

Ó wọlé, ó sì jókòó sórí àga mi.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Bí oúnjẹ bá délẹ̀, tirẹ̀ ni wọn yóò kọ́kọ́ bù, wọn yóò sì bu ti bàbá rẹ̀ sínú abọ́ tó ní ìdérí. Bó bá sọ̀rọ̀, màmá mi a rẹ́rìn-ín. Ohun tó wá bà mí nínú jẹ́ jù ni ọjọ́ tí oníbàárà kan wọlé tó wò ó lórí máṣíìnì, tó sì kí i pé, “Aránṣọ Kékeré, ẹ kú iṣẹ́ o!” Oníranù obìnrin! Mo wà níbẹ̀, mo jókòó, ojú rẹ̀ kò sì fọ́.

Ẹ lè máa rò pé n kò mọ Ọlọ́run. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa, ó kéré tán mo mọ bí wọ́n ṣe ń bá a sọ̀rọ̀ níwájú èrò. Nínú ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ìjọ wa, èmi ni mo máa ń ka orúkọ àwọn tó wà nínú àìní, tí mo sì máa ń darí àdúrà fún wọn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin gbáko ni mo fi dárúkọ Bàbá Aláago àti ọmọ wọn. Ohùn mi máa ń dùn, ó máa ń gbọ̀n díẹ̀ níbi tó yẹ kó ti gbọ̀n, àwọn àgbàlagbà a sì máa ṣe àmín kíkankíkan. Ìgbà tí ẹni tí mo ń gbàdúrà fún wá di ẹni tó ń jẹun nílé wa ni àmín kúrò lẹ́nu mi. Ìlara ni mo ń ṣe, n kò ní fi bò.

“Màmá, ṣé èmi kì í ṣe ọmọ yín mọ́ ni?” ni mo bi wọ́n lọ́jọ́ kan tí ọmọ náà ti lọ sílé.

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí, kí wọ́n tó rí i pé n kò fi ṣeré.

“Ìwọ ní èmi,” ni wọ́n wí. “O ní ìwé, o ní ìdánwò tí o fẹ́ ṣe. Òun ńkọ́, kí ló ní? Ọmọ mi, bí Jésù bá wá sí ṣọ́ọ̀bù yìí lónìí, kò ní wọ aṣọ funfun wá. Aṣọ tó ti ya ni yóò wọ̀, yóò sì ní kí a bá òun rán an.”

Mo padà sídìí ìwé mi. Ṣùgbọ́n nínú ọkàn mi, mo ní kí Jésù jọ̀wọ́ gbé aṣọ rẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù mìíràn.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ ojú fún ìyá màmá mi. Màmá mi lọ tọ́jú wọn láti ọjọ́ Ajé, wọ́n ní ó di ọjọ́ Sátidé kí àwọn tó dé. Abúlé tí wọ́n lọ yẹn, ìpè fóònù kì í wọ ibẹ̀, àtẹ̀jíṣẹ́ nìkan ló máa ń rá pálá wọlé. Wọ́n fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ fún mi.

Lọ́sàn-án Ọjọ́rú, Ọmọ Aláago sáré wọlé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

“O ò ní gbà gbọ́!” ló wí. “Nọ́ọ̀sì Àgbà ní ilé ìwòsàn tí bàbá mi ń lọ, wọ́n ń wá ẹnì kan tí yóò máa bá wọn rán aṣọ àwọn nọ́ọ̀sì. Wọ́n ní kí n wá dán an wò lówùúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì. Bí wọ́n bá gbà mí, ọ̀fẹ́ ni wọn yóò máa tọ́jú bàbá mi. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù la ń rí àwọn tó ń bá wọn na apá yẹn báyìí. Dókítà ní bí wọ́n bá lè máa nà án lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ọwọ́ náà lè padà bọ̀ sípò, ṣùgbọ́n bó bá pẹ́ jù, ó ti gan nìyẹn.”

“Ó dáa náà,” ni mo wí.

“Ẹ̀wù tó ní kọ́là lọ́rùn ni wọ́n ní kí n rán. Gbogbo rẹ̀ ni mo mọ̀ àfi kọ́là yẹn. Màmá ò tíì kọ́ mi débẹ̀. Jọ̀ọ́, ìwọ mọ̀ ọ́n. Kọ́ mi.”

Kọ́là! Ohun kan ṣoṣo tó kù tí mo fi jù ú lọ nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn nìyẹn. Mo rí i lọ́kàn mi bí yóò ṣe mọ̀ ọ́n láàárín wákàtí méjì, tí kọ́là rẹ̀ yóò sì dùn-ún wò ju tèmi lọ, tí màmá mi yóò dé, tí wọn yóò tún máa pariwo pé ẹ wá wo ọwọ́.

“Jẹ́ kí n bi màmá mi ná,” ni mo wí.

Mo tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ náà báyìí: “Omo Alaago ni ki n ko oun ni kola. Ise po ni soobu, idanwo mi si ti sunmo. Ki ni ki n se?” N kò sọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn. N kò sọ̀rọ̀ ọjọ́ Ẹtì. N kò dárúkọ apá bàbá ẹnikẹ́ni.

A dúró. Ó ń to òwú sórí tábìlì kí ọwọ́ rẹ̀ má bàa dilẹ̀. Nígbà tó yá, fóònù dún. Ohun tí màmá mi kọ kò ju báyìí lọ: “Ko o.”

Màmá mi kì í fi àmì sórí ọ̀rọ̀, ta ló tilẹ̀ ń ráyè ìyẹn lórí fóònù? “Kọ́ ọ” lè wà nínú lẹ́tà mẹ́ta yẹn, “kọ̀ ọ́” náà sì lè wà níbẹ̀. Ọ̀kan ní kí n jókòó tì í kí n fi iṣẹ́ hàn án, èkejì ní kí n lé e padà. Èmi ni mo gba ipò kìíní nínú èdè wa ní kíláàsì, mo sì mọ ẹni tó bí mi lọ́mọ. Láàárín ìṣẹ́jú kan, mo mọ èyí tí wọ́n ń wí. Mo sì mú èyí tó wù mí.

“Màmá ní kí n kọ̀ ọ́,” ni mo wí.

Ó wò mí. “Màmá?”

“Ìwọ náà gbà, kí o wò ó.”

Ó gba fóònù, ó wò ó fún ìgbà díẹ̀, ó sì dá a padà fún mi. “Ó dáa,” ló wí. “Ẹ ṣé.” Èmi tó ti ń sọ pé “o” fún láti kíláàsì kìíní, ó sọ pé “ẹ” fún mi bí ẹni ń kí àlejò, ó sì jáde.

Ọjọ́ Ẹtì, nọ́ọ̀sì kan tó jẹ́ oníbàárà wa wá gba aṣọ rẹ̀, òun ló sọ fún mi. Ó ní ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wa yẹn rán ẹ̀wù tó mọ́ tónítóní, ṣùgbọ́n inú kọ́là ló wá síta, ó tú u, ó tún un rán, ó tún dojú rú, àsìkò sì lọ. Ẹlòmíràn ni wọ́n gbà. Mo ti rò pé inú mi yóò dùn. Ó dùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò dùn tó ìṣẹ́jú kan.

Màmá mi dé lọ́jọ́ Sátidé. Wọn kò tíì sọ àpò wọn kalẹ̀ tí wọ́n fi béèrè ọmọ ọlọ́mọ.

“Ọmọ Aláago dà? Ṣé o kọ́ ọ ní kọ́là ọ̀hún?”

“Mo kọ̀ ọ́, Màmá.”

Etí kì í ṣe fóònù. Wọ́n gbọ́ ọ dáadáa. Wọ́n jókòó sórí àga tó sún mọ́ wọn jù.

“Ta ló ní kí o kọ̀ ọ́?”

Mo gbé fóònù fún wọn. Mo ti múra ẹjọ́ sílẹ̀, mo sì rò ó ketekete: àtẹ̀jíṣẹ́ rèé, ọ̀rọ̀ rèé, ẹ̀yin lẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Mo wá fi ti ilé ìwòsàn kún un, nítorí wọn yóò kúkú gbọ́. Mo retí kí wọ́n pariwo mọ́ mi. Dípò ìyẹn, wọ́n fi ọwọ́ bo ẹnu.

“Yé! Lóòótọ́ ni. Èmi ni mo jẹ̀bi,” ni wọ́n wí. “Èmi ni mo fi ọ̀rọ̀ já ọmọ aláìníyàá kulẹ̀. Dìde, jẹ́ ká lọ.”

Yàrá kan ṣoṣo ni Bàbá Aláago àti ọmọ wọn ń gbé. Àwọn aago tí wọn kò lè tún ṣe mọ́ wà lára ògiri. Wọ́n fi ìrọ̀rí ti Bàbá lẹ́yìn, apá ọ̀tún wọn sì wà lórí itan wọn bí ẹrù tí ẹnì kan gbé kalẹ̀ síbẹ̀. Ọmọ wọn ń fọ abọ́ tó ní ìdérí, abọ́ wa. Kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, màmá mi ti kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì.

“Bàbá, ẹ dárí jì mí,” ni wọ́n wí. “Ọmọ mi kò mọ̀. Èmi ni mo kọ ọ̀rọ̀ tí kò yé e, ìyẹn ló jẹ́ kí iṣẹ́ yẹn bọ́ lọ́wọ́ ọmọ yín.”

Ó yẹ kí ara tù mí, nítorí màmá mi ti gba ẹ̀bi náà pátápátá. Ṣùgbọ́n mo ń wo orúnkún wọn nílẹ̀, èyí tí wọ́n máa ń fi epo pa lálaalẹ́ nítorí máṣíìnì, mo sì ń wo apá ọkùnrin yẹn. Ẹkún bú jáde lẹ́nu mi.

“Màmá, ẹ dìde!” ni mo wí. “Ẹ má bẹ wọ́n mọ́. Mo mọ ohun tí ẹ ń wí. Ó yé mi lójú ẹsẹ̀. Mo mọ̀ pé kọ́ ọ ni, mo sì mọ̀ọ́mọ̀ kọ̀ ọ́.”

Màmá mi kò dìde. Wọ́n kàn yíjú wò mí láti ilẹ̀ níbẹ̀, bí ẹni tó ń wo ọmọ tí wọn kò rí rí.

“Èmi náà mọ̀,” ni Ọmọ Aláago wí, ó ṣì ń fọ abọ́. “Màmá kò lè sọ bẹ́ẹ̀ láéláé. Mo rí i lójú rẹ lọ́jọ́ yẹn.”

“Kí ló dé tí o kò sọ̀rọ̀?”

“Ṣọ́ọ̀bù yín ni. Kí ni mo fẹ́ sọ?”

Bàbá Aláago ṣí ẹnu. Ọ̀rọ̀ kì í tètè jáde lẹ́nu wọn mọ́, a sì ní láti dúró dè é.

“Kí… lọ́mọ mi… ṣe ọ́?” ni wọ́n bi mí.

Wọn kò bínú. Wọ́n fẹ́ mọ̀ ni, bóyá ọmọ wọn ṣẹ̀ mí, kí wọ́n lè bá a wí. Mo wá ohun kan tí mo lè tọ́ka sí, mo wá a títí.

“Kò ṣe mí ní nǹkan kan, sà,” ni mo wí.

Màmá mi mú mi lọ bá Nọ́ọ̀sì Àgbà, mo sì fẹnu ara mi sọ ohun tí mo ṣe fún wọn. Wọ́n ní àwọn dúpẹ́ pé mo sọ òótọ́, ṣùgbọ́n àwọn kò lè lé ẹni tí àwọn ti gbà. Wọ́n ní bí àyè mìíràn bá ṣí, àwọn yóò ránṣẹ́ pè é. Ó ti di oṣù karùn-ún báyìí, àyè kò tíì ṣí. Apá Bàbá Aláago ṣì wà lórí itan wọn. Mo máa ń lọ bá wọn nà án lọ́sàn-án bí nọ́ọ̀sì oníbàárà wa ṣe fi hàn mí, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi kì í ṣe ọwọ́ akọ́ṣẹ́mọṣẹ́, gbogbo wa la sì mọ̀.

N kò darí àdúrà fún àwọn aláìní mọ́ fún ìgbà díẹ̀, èmi ni mo ní kí wọ́n fún ẹlòmíràn. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi gbọ́ kò pọ̀. Ẹni tí Ọlọ́run ní kí a ràn lọ́wọ́ kì í ṣe orúkọ inú ìwé àdúrà. Ó lè jẹ́ ẹni tó jókòó sórí àga yín, tí ọwọ́ rẹ̀ yá ju tiyín lọ, tí ìyá yín ń yìn létí yín. Ẹ kò ní láti dúró kí ìlara tán nínú yín kí ẹ tó ràn án lọ́wọ́, nítorí apá ẹnì kan lè gan kí ó tó tán.

Tèmi kò tíì tán. Mo kọ́ ọ ní kọ́là, ọjọ́ méjì péré ló gbà á. Kọ́là kẹta tó rán dára ju gbogbo èyí tí mo ti rán láyé mi lọ, màmá mi sì tún pariwo pé ẹ wá wo ọwọ́. Ó dùn mí wọ egungun. Mo fa àga mi sún mọ́ tirẹ̀, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi bí wọ́n ṣe ń rán àpò hàn án.