Pẹ́ńsù Létí Ìwé Àna

Ìjà ni Moróunkẹ́ àti Akíndúró fi pàdé; kí ẹnikẹ́ni má tàn yín pé ẹ̀rín ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ní ọdún 1984, ní ilé ìwé gíráma kan ní Bódìjà, Akíndúró tó ń bójú tó láíbìrì já wọ kíláàsì tí Moróunkẹ́ ń kọ́, ó sì gbé ìwé ìtàn kan sókè níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́.

"Mísì, ta ló ní kí àwọn ọmọ yìí máa fi pẹ́ńsù ba ìwé ìjọba jẹ́?"

"Èmi ni. Wọn ò bà á jẹ́. Ohun tó yà wọ́n lẹ́nu ni wọ́n ń kọ sí etí ìwé, àti ìbéèrè tó bá wá sí wọn lọ́kàn. Ẹni tó ń kàwé tí kò bi ìwé léèrè ohunkóhun, ojú lásán ló fi ń wò ó."

"Ìwé kì í ṣe ògiri ilé ìyàgbẹ́!"

"Ẹ̀yin náà kì í ṣe ọ̀gá mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jáde."

Wọ́n kórìíra ara wọn gidi. Akíndúró fẹjọ́ rẹ̀ sun ọ̀gá àgbà, ọ̀gá àgbà sì ní kó máa lọ jókòó sẹ́yìn kíláàsì náà, kó máa ṣọ́ ìwé rẹ̀. Ibẹ̀ ni nǹkan ti yí padà. Lọ́jọ́ tí ọmọbìnrin kan béèrè ìdí tí akọni inú ìtàn fi ń purọ́ fún ìyá rẹ̀, Akíndúró ló kọ́kọ́ nawọ́ sókè. Àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín. Moróunkẹ́ le ojú koko, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ dùn gan-an.

Kí ọdún tó yí po, Akíndúró ti ń pè é ní Àbẹ̀kẹ́, ó ti ń sìn ín dé ilé àwọn òbí rẹ̀ ní Baṣọ̀run, wọ́n sì ń jiyàn lọ jiyàn bọ̀ lójú ọ̀nà. Ìfẹ́ tiwọn ò mọ ọ̀nà mìíràn.

Bàbá Akíndúró ni òkè ìṣòro. Tíṣà àgbà tó ti fẹ̀yìntì sí Onírèké ni, ọmọ ìjọ Áńgílíkà paraku, kò sì fẹ́ ọmọ Onítẹ̀bọmi láti Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń bá ọkùnrin jiyàn. Síbẹ̀, ó yá Moróunkẹ́ ní ìwé ìtàn tó fẹ́ràn jù láyé, kó fi dán an wò. Ọ̀wọ̀ ńlá ni èyí nílé wọn. Moróunkẹ́ náà fẹ́ bọ̀wọ̀ padà fún un, ó sì ṣe ohun tó gbà pé ó jẹ́ ọ̀wọ̀ fún ìwé: ó fi pẹ́ńsù kọ èrò rẹ̀ sí etí ìwé náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Nígbà tó dá a padà lọ́sàn-án ọjọ́ Sọ́ńdè, bàbá ṣí i, ojú rẹ̀ pọ́n.

"Ṣé bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọmọ ní Ògbómọ̀ṣọ́ nìyí?"

Moróunkẹ́ kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, sà. Ó yẹ kí n tọrọ ààyè."

"Ààyè láti ya wèrè? Akíndúró, mú rọ́bà ìpàwérẹ́ wá! Ìwọ, kà á síta lọ́kọ̀ọ̀kan kí o tó pa á rẹ́, kí ojú lè tì ẹ́. Bí ẹyọ kan bá ṣẹ́kù, kò sí ìyàwó."

Akíndúró gbé rọ́bà wá, kò lè wo ojú rẹ̀. "Àbẹ̀kẹ́, jọ̀ọ́, nítorí mi."

Ọ̀rọ̀ yẹn dun Moróunkẹ́ ju èébú bàbá lọ. Ó ka àkọ́kọ́, ó pa á rẹ́. Ó ka ìkejì, ó pa á rẹ́. Ìkẹta wà níbi tí ìyàwó inú ìtàn ti di ẹrù rẹ̀ kúrò nílé ọkọ.

"Mo kọ ọ́ pé, 'Kí ló dé tí ẹnikẹ́ni ò bi í pé kí ló ṣe é?'"

"Kí ni wọ́n fẹ́ bi í?" Bàbá fìbínú gbójú sókè. "Oníranù obìnrin! Ṣebí ó sá nílé ọkọ ni."

"Ebi ló lé e, sà. Ẹ wo ojú ewé tó ṣáájú. Gbogbo ilé jẹun, ẹnikẹ́ni ò bu tirẹ̀."

"Irọ́ ni!" Bàbá wá awò ojú rẹ̀, ó ṣí ìwé sẹ́yìn, ó kà á, ó sì kà á lẹ́ẹ̀kan sí i. "Ẹn-ẹ́n, kò lẹ́nu ni? Kó sọ fún ìyá ọkọ!"

"Ìyá ọkọ tó ń pín ọbẹ̀ náà?"

"Ìyá ọkọ ò mọ̀ pé kò tíì jẹun!"

"Ó mọ̀, sà."

Wọ́n fa ọ̀rọ̀ náà títí oúnjẹ ọ̀sán fi tutù lórí tábìlì. Nígbà tó rẹ Moróunkẹ́, ó na ọwọ́ sí rọ́bà. Akíndúró di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Má pa á rẹ́. Ìtìjú ni bí mo ṣe bẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Mi ò ní bẹ̀ ẹ́ mọ́. Bàbá, bí kò bá sí ìyàwó, kò sí ọkọ náà."

"Ta ló ń bá ẹ sọ̀rọ̀? Ta ló sì ní kó pa á rẹ́?" Bàbá na ọwọ́. "Ẹ fún mi ní pẹ́ńsù jàre! Bó bá pa á rẹ́, báwo lẹni tó bá ka ìwé yìí lẹ́yìn mi ṣe máa mọ ohun tí mò ń dá lóhùn?"

Ó kọ èsì tirẹ̀ sábẹ́ ìbéèrè Moróunkẹ́ pẹ̀lú agbára, díẹ̀ ló kù kí ewé ya. Ó ti ìwé náà sọ́dọ̀ Moróunkẹ́.

Moróunkẹ́ kà á. "Kò tọ̀nà, sà."

"Mo mọ̀ pé o máa sọ bẹ́ẹ̀. Sọ fún bàbá rẹ ní Baṣọ̀run pé à ń bọ̀ wá tọrọ rẹ lọ́jọ́ Sátidé. Kí o sì tún ibẹ̀ kà dáadáa kí n tó dé, torí níwájú àwọn òbí rẹ ni n ó ti borí rẹ nínú iyàn yìí."