Ọwọ́ Màámi Nínú Aṣọ Ìdí Igi

"Ìyá Àgbà! Màámi ń bọ̀! Ọkọ̀ wọn ti doríkọ ilé!"

Kíá ti wọ yàrá kí ó tó parí gbólóhùn náà. Fóònù ṣì wà ní etí rẹ̀, ọwọ́ kejì sì ti ń wọ́ àpótí aṣọ jáde lábẹ́ ibùsùn. Bí ó ti rí nìyẹn láti ọjọ́ tí wọ́n bí i. Kò dúró de nọ́ọ̀sì tí wọ́n lọ pè kí ó tó dé ayé. Ìdí nìyẹn tí ìyá rẹ̀ fi ń pè é ní Kíá.

"Rọra o," ni ìyá àgbà náà wí láti ẹnu ọ̀nà. "Ọkọ̀ òkun kì í ṣe kẹ̀kẹ́ tó ń yà síbi tó bá wù ú. Ó lè yá, ó lè pẹ́."

"Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀, mà. Wọ́n á dé kí ọdún tó dé."

Ohun tí ó ń wá wà nísàlẹ̀ àpótí, nínú àpò ìrọ̀rí kan: òwú wúlù pupa, abẹ́rẹ́ ìhunṣọ gígùn méjì, àti aṣọ kan tí a kò tí ì hun parí. Aṣọ ìdí igi ọdún ni. Ní gbogbo ìparí ọdún, wọ́n máa ń gbé igi tí wọ́n fi iná wẹ́wẹ́ ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ sí igun pálọ̀, inú garawa ọ̀dà tí ó kún fún iyanrìn ni igi náà sì máa ń dúró sí. Garawa náà kò wu ojú rí. Aṣọ yìí ni ìyá Kíá fẹ́ fi bò ó, ṣùgbọ́n iṣẹ́ pè é kí ó tó parí rẹ̀.

Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti ṣaláìsí ni obìnrin náà ti ń ṣe alásè nínú ọkọ̀ òkun tí ń kó ẹrù. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí ó lọ gbẹ̀yìn, ó ń hun aṣọ náà títí awakọ̀ tí ó wá gbé e fi tẹ fèrè níta. Ó ká a mọ́ abẹ́rẹ́, ó ní: "Bí mo bá dé, èmi pẹ̀lú ẹ la jọ máa parí ẹ̀."

Láti ìgbà náà, bí àárò ìyá rẹ̀ bá ń sọ Kíá, àpò ìrọ̀rí yẹn ni ó máa ń gbé sí imú. Òórùn òróró irun ìyá rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀, ó kàn ń dín kù ni.

"Ẹ kọ́ mi, Ìyá Àgbà. Mo fẹ́ kí wọ́n wọlé, kí wọ́n kàn rí i pé ó ti parí."

Ìyá àgbà jókòó tì í. "Kò le. Iṣẹ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni. Irú ojú ìhun kan ṣoṣo la ó máa hun, lọ-bọ̀, lọ-bọ̀. Ọrùn ẹ̀ kéré, ìdí igi ló máa dì mọ́. Bá a bá ti ń lọ, a ó máa fi ojú kún ojú, kó lè fẹ̀ bíi síkẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀yìn ẹ̀ nìkan la ò gbọ́dọ̀ pa dé."

"Kí ló dé?"

"Ṣé orí igi lo fẹ́ ti wọ̀ ọ́ fún un ni? Igi kì í káwọ́ sókè o."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Kíá mú abẹ́rẹ́, ó ń hun. Ọwọ́ rẹ̀ le. Abẹ́rẹ́ ń dún kẹ́kẹ́ nínú òwú.

"Tú ọwọ́ sílẹ̀," ni ìyá àgbà wí. "O ń hun ún bí ẹni tó ń so ewúrẹ́ mọ́lẹ̀."

Kíá gbé aṣọ náà sókè. Ní apá òkè, ojú ìhun ìyá rẹ̀ dẹ̀, ó tóbi, atẹ́gùn lè gba inú rẹ̀ kọjá. Tirẹ̀ ki pọ̀ nísàlẹ̀. "Wọn ò jọra."

"Wọn ò lè jọra. Ọwọ́ èèyàn dà bí ohùn ẹ̀ ni. Ìka tí wọ́n jẹ́ ọmọ ìyá kò dọ́gba, áḿbọ̀sì ọwọ́ èèyàn méjì. Jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀."

Ní ọ̀sán Sátidé, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan láti kíláàsì wá kí i. Rédíò ni gbogbo wọn ń pè é, nítorí kò sí ìròyìn tí kì í gba ẹnu rẹ̀ jáde. Ó rí aṣọ náà, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Kí lèyí? Lókè, àwọ̀n, nísàlẹ̀, ẹní! Ṣé ẹja lẹ fẹ́ fi pa ni, àbí ẹ fẹ́ sùn lé e?"

Kíá náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé inú. Kí ó tó mọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀, Rédíò ti ya àwòrán aṣọ náà, ó ti fi ránṣẹ́ sí ojú òpó tí àwọn ọmọ kíláàsì ti ń fi igi ọdún ilé wọn han ara wọn. Èsì bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Ẹnì kan ní aṣọ náà ti yó lápá kan, ebi ń pa á lápá kejì. Ẹlòmíràn béèrè bóyá igi náà ti dá lẹ́sẹ̀ tí wọ́n fi ń hun báńdéèjì fún un.

"Má bínú, eré ni," ni Rédíò wí. "Ṣùgbọ́n ká sọ òótọ́, ṣé èyí lo máa tẹ́ sílẹ̀ de ìyá ẹ? Tú u. Tú gbogbo ẹ̀, kó o bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Á dọ́gba."

"Ti Màámi wà nínú ẹ̀."

"Ṣebí òwú náà ni? Kò lọ síbì kankan."

Ọ̀rọ̀ náà jọ ọgbọ́n. Nígbà tí Rédíò lọ, Kíá fa abẹ́rẹ́ yọ, ó mú ẹnu òwú, ó fà á. Ìhunṣọ kì í bá ẹni tí ń tú u jà. Ìlà tí ó gba Kíá ní odindi ìrọ̀lẹ́ tú láàárín ìmí kan. Apá tirẹ̀ tán. Ó dé ibi tí ti ìyá rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn ojú ńlá náà là sílẹ̀ bí ẹnu tí ó fẹ́ sọ̀rọ̀. Ibẹ̀ ni ó yẹ kí ó ti ki abẹ́rẹ́ bọ̀ wọ́n padà. Ó dúró díẹ̀. Fóònù tún dún. Ẹlòmíràn tún ti rí nǹkan fi ṣẹ̀fẹ̀. Ó fà á.

Nígbà tí ìyá àgbà, tí ó ti lọ sí ilé ìwòsàn ojú láti àárọ̀, padà dé, òkìtì òwú pupa ni ó bá nílẹ̀. Kò pariwo. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó mú òwú díẹ̀, ó ń yí i láàárín ìka.

"Níbo ni ọwọ́ ìyá ẹ wà nínú èyí?"

Kíá kúnlẹ̀, ó ń ṣa òwú náà jọ.

"A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná. Mo ní kó o jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀."

"Màá tún un hun kí wọ́n tó dé, mà. Wọn ò ní mọ̀."

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì ni ìyá rẹ̀ pè. Ohùn rẹ̀ ń lọ, ó ń bọ̀.

"Ọmọ mi, ẹ̀rọ ọkọ̀ wa ti bàjẹ́. Wọ́n ti wọ́ wa lọ sí èbúté kan, irin tí wọ́n máa fi tún un ṣe la ń retí. Orí omi ni ọdún máa bá wa."

Kíá fi ọwọ́ méjèèjì di fóònù mú.

"Má sunkún. Ṣé o rántí aṣọ igi tí mò ń hun? Ẹ mú un jáde. Bó ṣe mọ náà ni kẹ́ ẹ tẹ́ ẹ. Bẹ́ ẹ bá ti rí i, kẹ́ ẹ ṣe bí ẹni pé mo kàn bọ́ síta ni, mò ń bọ̀ wá parí ẹ̀."

Irọ́ náà ti dé ètè Kíá, ó sì rọrùn: ẹ̀n, a ti tẹ́ ẹ. Ta ni yóò mọ̀? Odindi òkun ni ó wà láàárín wọn. Ó wo ìyá àgbà. Ìyá àgbà ń wo ògiri.

"Màámi, mo ti tú u."

"O ti kí ni?"

"Mo tú u. Tiyín dẹ̀, tèmi le, wọ́n sì ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Mo fẹ́ kó dọ́gba kẹ́ ẹ tó dé."

"Gbogbo ẹ̀?" ni ohùn náà béèrè, jẹ́jẹ́.

"Gbogbo ẹ̀, mà."

"Ó dáa. Wọ́n ń pè mí ní ilé ìdáná. Màá tún pè yín."

Kò bínú. Ìyẹn ni ó dun Kíá jù.

Ní òwúrọ̀, ìyá àgbà gbé abọ́ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ wá. "Òwú tá a bá tú máa ń rántí. Wo bó ṣe ká kò. A ó fọ̀ ọ́, a ó sá a, á nà padà bíi tuntun."

Kíá mú òwú náà, ó tẹ̀ ẹ́ sórí orúnkún. Ibì kan ká wẹ́wẹ́, ó fún pọ̀. Ibòmíràn ká gbẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀.

"Tèmi lèyí tó wẹ́wẹ́ yìí, àbí? Èyí tó tóbi yìí, ti Màámi."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá Àgbà, ẹ má jẹ̀ẹ́ ká fọ̀ ọ́."

"Kò ní jọ̀lọ̀ o. Á rí wúruwùru."

"Kó rí bẹ́ẹ̀."

Ó bẹ̀rẹ̀ láti ọrùn. Lọ́tẹ̀ yìí, kò yára. Bí ìka rẹ̀ bá kan ibi tí òwú ti ká gẹ́gẹ́ bí ìyá rẹ̀ ti ká a, ó máa ń dúró díẹ̀, bí ẹni tí ó gbọ́ ìró ẹsẹ̀ níta. Nígbà tí ọdún dé, aṣọ náà kò tí ì bo ìdajì garawa. Ó ti dé ibi tí ìyá rẹ̀ fi í sí ní òwúrọ̀ tí ó lọ. Níbẹ̀ ni Kíá dúró sí, tí ó fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀ nínú rẹ̀.

Rédíò wá wò ó. "Kò mà bo garawa! Ṣé kí n yà á?"

"Yà á. Kó o kọ ọ́ sí i pé à ń retí ẹni tó máa parí ẹ̀."

Fún ìgbà àkọ́kọ́, Rédíò kò gbé ìròyìn jáde. Ó ti fóònù bọ àpò, ó sì bá a fi okùn tẹ́ẹ́rẹ́ so ẹ̀yìn aṣọ náà mọ́ ìdí igi.

Àwòrán tí Kíá fúnra rẹ̀ yà ni ó dé ọwọ́ ìyá rẹ̀. Fóònù dún.

"Kí ló mú un rí wúruwùru báyìí?"

"Òwú yín ni, Màámi. A ò fọ̀ ọ́. Ó ṣì ń rántí ọwọ́ yín."

"Abẹ́rẹ́ ṣì wà níbẹ̀?"

"Ó wà níbẹ̀. Mi ò pa ẹnu ẹ̀ dé."

"Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mò ń bọ̀."

Nígbà tí ọdún kọjá, wọ́n tú igi palẹ̀. Àwọn ọmọ kíláàsì ti gbàgbé aṣọ náà tipẹ́, ẹlòmíràn ni wọ́n ti ń fi ṣẹ̀fẹ̀. Kíá kò gbàgbé. Ó ti mọ̀ pé ẹ̀rín àwọn ènìyàn kì í pẹ́ tán, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ olùfẹ́ ẹni tí a bá tú nítorí ẹ̀rín wọn, a kò lè hun ún padà bí ó ti wà. Ohun tí ó kù tí ó ṣeé ṣe ni kí a jẹ́wọ́, kí a sì fara balẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ọrùn.

Ó ká aṣọ náà, ó fi sínú àpò ìrọ̀rí, ó gbé e sí imú. Òórùn òróró irun ti tán. Òórùn wúlù nìkan ni ó kù. Ó ti abẹ́rẹ́ wọlé dáadáa kí ojú kankan má bàa já, ó gbé àpò náà lé itan, ó sì jókòó ti fèrèsé tí ó kọjú sí ọ̀nà.