Ẹ̀jẹ̀ Lára Igi Àgò Àbẹ̀kẹ́

Ilẹ̀ ń ṣú lọ nínú ẹ́sítéètì kan nítòsí Itamaga, ní Ìkòròdú. Morẹ́nikẹ́ ń din ẹja, Tẹ́milọ́rùn ọmọ rẹ̀ sì ń da adìẹ rẹ̀ wọlé bó ṣe máa ń ṣe lójoojúmọ́. Àbẹ̀kẹ́ ni adìẹ náà ń jẹ́. Ìyá ọkọ Morẹ́nikẹ́, tí gbogbo ilé ń pè ní Màmá Ẹ̀pẹ́, ló gbé e wá fún ọmọ náà. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yìí, Àbẹ̀kẹ́ kọ̀, kò wọ àgò. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó na ọrùn, ó tẹjú mọ́ òkùnkùn inú àgò, ara rẹ̀ ń gbọ̀n.

"Mọ́mì, ẹ̀rù ń bà á," ni ọmọ wí. "Nǹkan kan wà níbẹ̀."

Morẹ́nikẹ́ yọjú wò ó, kò rí nǹkan kan. Àgò àlòkù ni, tí Adédayọ̀ ọkọ rẹ̀ rà lọ́wọ́ ẹnì kan tó ń kó kúrò ládùúgbò. Ó ti adìẹ wọlé tipátipá, ó pa ilẹ̀kùn dé.

Láti ìgbà náà ni Àbẹ̀kẹ́ ti ń rù. Ogbe orí rẹ̀ tó máa ń pọ́n dẹ̀dẹ̀ wá funfun bí ètè aláìsàn. Kò yé ẹyin mọ́. Ó ń jẹ, ó ń mu, síbẹ̀ ó dà bíi pé ẹnì kan ń fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mu bí ilẹ̀ bá ti ṣú. Àmì pupa kéékèèké sì yọ sápá Tẹ́milọ́rùn, tó máa ń gbé e mọ́ra.

Màmá Ẹ̀pẹ́ wà lọ́dọ̀ wọn lákòókò náà. Ó máa ń jí ní ìdájí, á lọ jókòó ti àgò, á máa bá adìẹ sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Lọ́jọ́ kan, Morẹ́nikẹ́ ń wò ó láti ojú fèrèsé. Màmá fa ọwọ́ yọ nínú àgò. Ẹ̀jẹ̀ wà níka rẹ̀. Ó gbé e sójú, ó ń wò ó, ó wá yíjú sókè.

"Ìyàwó mi, wá wo nǹkan tí mo rí o."

Morẹ́nikẹ́ ti fèrèsé gbàgà.

"Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí," ló ń tún wí fún ọkọ rẹ̀. "Orí adìẹ ló ti bẹ̀rẹ̀, ó ti wá kan ara ọmọ mi. Dádì Tẹ́mi, ẹ gbé Màmá lọ sílé wọn!"

Adédayọ̀, tó máa ń bú gbogbo awakọ̀ tó bá pàdé lójú pópó, gbà fún ìyàwó rẹ̀ nínú ilé ara rẹ̀. Ó gbé ìyá rẹ̀ lọ sí Ẹ̀pẹ́. Màmá ń béèrè ohun tí òun ṣe. Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Ẹ gbọ́, ìwà yẹn burú.

Màmá lọ, ṣùgbọ́n ohun tó ń mu ẹ̀jẹ̀ kò lọ. Nígbà tó yá, Àbẹ̀kẹ́ ò lè dìde mọ́. Adédayọ̀ ra ọ̀tapiapia, oògùn apakòkòrò, wálé, ó ní òun á dà á sí àgò, òun á sì dà á sí adìẹ lára. Morẹ́nikẹ́ ní kó jẹ́ kí òun kọ́kọ́ gbé adìẹ jáde. Ọwọ́ rẹ̀ kan abẹ́ igi tí adìẹ ń sùn lé. Bó ṣe fà á yọ, ẹ̀jẹ̀ ló rí. Kò sí egbò lára adìẹ, kò sí lára òun náà. Àfi bíi pé igi ló ń ṣẹ̀jẹ̀. Lẹ́yìn náà ló rí àwọn nǹkan tíntìntín bí ata gígún, tí wọ́n ń rìn lórí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ó figbe ta.

Ọ̀dọ̀ dókítà ẹranko kan tó ń jẹ́ Lateefah ni wọ́n gbé Àbẹ̀kẹ́ sáré lọ, wọ́n sì ròyìn gbogbo rẹ̀ fún un.

"Ẹ ṣeun tí ẹ ò tíì da ọ̀tapiapia yẹn," ni dókítà wí. "Ì bá pa adìẹ, ì bá sì ṣe ọmọ tó ń gbé e mọ́ra ní jàǹbá. Kòkòrò tó ń mu ẹ̀jẹ̀ adìẹ nìyí. Lọ́sàn-án, inú pàlàpálá igi ló ń sá pa mọ́ sí. Bí ilẹ̀ bá ṣú, á jáde. Ẹ̀jẹ̀ Àbẹ̀kẹ́ tó wà níkùn wọn lẹ tẹ̀ fọ́ yẹn. Kòkòrò yìí lè wà nínú àgò òfìfo fún ọ̀pọ̀ oṣù láìjẹun. Ṣé àlòkù lẹ rà?"

Adédayọ̀ ní bẹ́ẹ̀ ni. "Kí la máa ṣe báyìí?"

"Ẹ má tíì dá adìẹ padà síbẹ̀. Ẹ jó igi àti koríko inú àgò. Ẹ fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ gbogbo pàlàpálá àgò, kẹ́ ẹ sá a sóòrùn. Ẹ bo imú yín, kẹ́ ẹ bu oògùn lẹ́búlẹ́bú yìí sábẹ́ ìyẹ́ adìẹ àti ìdí rẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ẹ tún un ṣe, torí ẹyin kòkòrò tó kù á ti di kòkòrò. Ẹ má jẹ ẹyin adìẹ yìí títí màá fi ní kẹ́ ẹ jẹ ẹ́. Ẹ gbé ọmọ lọ sílé ìwòsàn kí wọ́n wo ara rẹ̀. Kòkòrò yìí máa ń gé èèyàn jẹ, àmọ́ kì í gbé lára èèyàn."

Morẹ́nikẹ́ ń wo ìka rẹ̀. "Dókítà, ẹni tó bá fọwọ́ kan igi yẹn ní ìdájí ńkọ́?"

"Ọwọ́ ẹ̀ á pọ́n ju tiyín lọ. Ìgbà yẹn ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yó."

Morẹ́nikẹ́ bú sẹ́kún.

Àbẹ̀kẹ́ yè é. Nígbà tí ogbe rẹ̀ pọ́n padà, wọ́n lọ sí Ẹ̀pẹ́. Nínú ilé Màmá, nítòsí Ọjà Olúwo, Morẹ́nikẹ́ kúnlẹ̀, ó jẹ́wọ́ pé òun ti pè é ní àjẹ́.

"Mo pè ẹ́ lọ́jọ́ yẹn," ni Màmá wí. "Mo ní kó o wá wo nǹkan tí mo rí. Fèrèsé lo tì. Mo ti dárí jì ẹ́, ọmọ mi. Àmọ́ mi ò lè sùn mọ́ nílé tí wọ́n ti ń ṣọ́ ọwọ́ mi."

Ó di ẹja gbígbẹ fún ọmọ-ọmọ rẹ̀. Kò bá wọn lọ.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Àbẹ̀kẹ́ fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ àgò tuntun tí Adédayọ̀ kàn fún un. Tẹ́milọ́rùn béèrè ìgbà tí Màmá máa padà wá. Morẹ́nikẹ́ pa ilẹ̀kùn àgò dé.

Ìwọ tó ń sin adìẹ lẹ́yìnkùlé, bí adìẹ rẹ bá ń sá fún àgò nírọ̀lẹ́, tí ogbe rẹ̀ sì ń funfun, fi aṣọ funfun nu abẹ́ igi tó ń sùn lé ní ìdájí. Bí aṣọ náà bá pọ́n, dókítà ẹranko ni kó o wá lọ, má fọwọ́ kan ọ̀tapiapia. Má sì fi adìẹ sínú àgò àlòkù tí o kò tíì fọ̀. Bí àgbàlagbà ilé rẹ bá pè ọ́ pé kó o wá wo nǹkan, jọ̀ọ́, lọ wò ó.